Kọ́kọ́rọ́ Ìránṣẹ́ Òru

Ìránṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í sùn, tí kì í jẹun, tí kò sì ní ẹnu tí yóò fi dáhùn bí wọ́n bá bi í lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ta nì yẹn?" Ìwé àṣẹ kékeré kan tí mo kọ sínú kọ̀ǹpútà ni. Bí agogo méjì òru bá ti lù, yóò gbéra, yóò kó fáìlì máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì gbé e lọ sórí sáfà tí a ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí. Bí sáfà yóò ti ṣe mọ̀ pé ìránṣẹ́ mi nì yìí, tí kì í ṣe ti olè, ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí n kò ní dárúkọ, páásíwọọ̀dù ni wọ́n ń lò. Nítorí pé kò sí ẹni tí yóò jí lóru láti tẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ ọ́ kedere sínú ìwé àṣẹ náà. Ẹni tí ó bá ti rí ìwé yìí ṣí ti di onílé: ó lè sọ máàkì 38 di 58 kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wí, mo tún wí. Èsì tí ọ̀gá wa ń fún mi ni pé, "Àbúrò, ta ni ó ti jí nǹkan níbẹ̀ rí?" Bí ẹni pé olè a máa kọ orúkọ sílẹ̀ kí ó tó lọ!

Ní ọdún 1995, ẹnìkan ń jí páásíwọọ̀dù kó lórí okùn ẹ̀rọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Helsinki, ní ilẹ̀ Finland. Ìyẹn ni ó mú kí Tatu Ylönen, tí ó jẹ́ olùwádìí níbẹ̀, ṣe SSH.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni SSH lè fún wa dípò páásíwọọ̀dù. Àṣẹ ssh-keygen -t ed25519 ni ó ń bí ìbejì yìí. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pub ni ti gbangba; inú fáìlì authorized_keys lórí sáfà ni à ń kọ ọ́ sí. Èkejì jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, kì í kúrò nílé. Bí ìránṣẹ́ bá dé ẹnu ọ̀nà, yóò fi ti ìkọ̀kọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí ó jẹ́ ti àbẹ̀wò ọjọ́ náà nìkan. Sáfà yóò sì fi ti gbangba yẹ ìfọwọ́sí náà wò. Ẹni tí ó bá jí ti gbangba kò rí nǹkan kan jí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ mi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èwo ni?" Mo ní, "Ti gbangba ni o! Ìkejì, ìyá tí ó bí ọ pàápàá kò gbọdọ̀ rí i." Kódà, bí àwọn ẹlòmíràn lórí ẹ̀rọ náà bá lè ka ti ìkọ̀kọ̀, SSH fúnra rẹ̀ yóò kọ̀ láti lò ó. Àṣẹ chmod 600 ni oògùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibì kan le níbẹ̀. Èmi ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ àṣírí ti kọ́kọ́rọ́ mi pa. Ìránṣẹ́ òru kò lè sọ̀rọ̀, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ a máa wà láìní ọ̀rọ̀ kankan. Bí olè bá rí fáìlì yẹn gbé, ó ti di ìránṣẹ́. Kí ni a ó ṣe? Agbára ìránṣẹ́ ni a ó dín kù. Mo ní kí wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀ lórí sáfà, kí ó máa lo SFTP nìkan, nínú yàrá kan ṣoṣo. Ṣáájú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú authorized_keys ni a kọ restrict sí, àti from pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹ̀rọ wa, kí ó má baà ti ibòmíràn wọlé. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìlà kan ni a ó pa rẹ́.

Sáfà náà ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn kan a máa pàṣẹ fún ìránṣẹ́ pé kí ó gba sáfà yòówù tí ó bá bá pàdé. Ìyẹn ni pé kí ó kó máàkì fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ sáfà wa, ìránṣẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ní òwúrọ̀ mo fóònù olùtọ́jú rẹ̀, ó ka àmì SHA256 tuntun náà sí mi létí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ìka tọ̀ ọ́ lójú ẹ̀rọ títí ó fi pé.