Ìwárìrì Ẹja Òkun

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹja kan ló tún ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi nílé mi ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Mo ra clownfish kékeré kan, mo sì fi í sínú àpótí dígí olómi iyọ̀ tí èyí tó tóbi jù ú lọ ti ń gbé. Bí ẹja ńlá náà bá ti sún mọ́ ọn, yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, yóò sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ẹ̀rù bà mí. Ìkánjú mi ló pa ẹja tí mo kọ́kọ́ rà: kòkòrò tín-ín-tín tí ń pa oró amóníà kò tíì pọ̀ nínú omi nígbà tí mo fi í síbẹ̀. Mo ti di ìgò oògùn tó ní bàbà nínú mú kí n tó rántí pé bàbà a máa pa edé, edé méjì sì wà níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ yẹ omi wò. Iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù kan. Amóníà jẹ́ 0. Ara ẹja náà kò ní ààmì funfun, kò mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì ń jẹun. Ìgbà tí ẹja ńlá bá dé nìkan ló ń gbọ̀n.

Ìgbà náà ló yé mi. Láàárín irú ẹja yìí, abo tó tóbi jù ni olórí. Ẹni tó kéré a máa gbọ̀n níwájú rẹ̀ láti fi hàn pé òun gbà fún un. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo ń pè ní àìsàn!

Èmi olùkọ́ èdè fẹ́rẹ̀ẹ́ fi oògùn dá ìkíni lóhùn. Mo dá ìgò náà padà.