Kí Ẹ̀rọ Tó Sùn: Àpèjúwe Iṣẹ́ ní Èdè Yorùbá ní Wadata

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè ló gbà pé Yorùbá tó fún oríkì àti àlọ́, ṣùgbọ́n pé bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ inú ẹ̀rọ, àfi kí a yà sí èdè òyìnbó. N kò fara mọ́ èyí.

Ní Wadata, ní ìlú Niamey, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi Yorùbá tó dán mọ́rán kí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ iwájú rẹ̀, Faransé ló fi dá mi lóhùn. Ògbólógbòó kọ̀ǹpútà alágbèéká ni. Bí wọ́n bá mú un sùn tí wọ́n sì jí i, díìsìkì rẹ̀ kì í dáhùn. Bí wọ́n bá pa á pátápátá tí wọ́n tún tàn án, ara rẹ̀ a dá. Àìsàn yìí kì í ṣe kékeré níbẹ̀: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí Nàìjíríà dá iná tó ń tà fún Niger dúró fún ìgbà kan, àwọn ènìyàn ti kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ bátìrì lò.

Mo ní kí a fi Yorùbá wá ìdí rẹ̀. Adarí díìsìkì àti díìsìkì dà bí onílù àti oníjó. Wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí àsìkò. Lórí IDE àtijọ́, ìyípo kan ní PIO 0 gba 600 nánósẹ́kọ́ńdì. Ní PIO 4, 120 péré ni. Inú adarí ni a kọ àsìkò yìí sí, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ bá sùn, RAM nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kù tí iná ń dé. Àkọsílẹ̀ náà a pa rẹ́. Bí a bá tan ẹ̀rọ lákọ̀tun, BIOS a tún un kọ. Bí ó bá kàn jí lójú oorun, iṣẹ́ dráífà ni. (Ohun tí òyìnbó ń pè ní “bus” ńkọ́? Ní Wadata tí ibùdókọ̀ wà, bí a bá pè é ní bọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wo ojú títì. “Ipa-ọ̀nà dátà” tẹ́ mi lọ́rùn jù.)

Ìlànà ACPI, tí Intel, Microsoft àti Toshiba gbé jáde ní 1996, ti pèsè sílẹ̀ fún un. Kí ẹ̀rọ tó sùn, Linux a fi _GTM bèèrè àsìkò lọ́wọ́ adarí, a sì tọ́jú rẹ̀ sínú RAM. Bí ó bá jí, a fi _STM dá a padà, kí ó tó fi àwọn àṣẹ inú _GTF ránṣẹ́ sí díìsìkì, nítorí díìsìkì pẹ̀lú ti gbàgbé tirẹ̀.

“Bàbá, ó gbàgbé ìlù tó ń lù kó tó sùn ni,” ni ọmọ náà wí, kò sì padà sí Faransé mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àpèjúwe yìí kọ. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn. “Kí ó tó” ni wọ́n máa ń fi sí ibi tí kò yẹ, tí díìsìkì yóò fi gba àṣẹ kí adarí tó rántí àsìkò. Ibẹ̀ ni pẹ́ńsù pupa mi ti ń ṣiṣẹ́ jù.