Ta ló ń gbẹnu sọ fún wọn?

Ọkùnrin tó jókòó tì mí nínú dáńfó ní ìrọ̀lẹ́ yìí so táì, káàdì yunifásítì aládàáni kan wà lọ́rùn rẹ̀.
Ó kó ìwé ìdánwò lé itan, ó ń fi bírò pupa máàkì nínú gbágungbàgun ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì aládàáni kàn ń ká mi lára ni.

Láti 1999 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àwọn yunifásítì aládàáni àkọ́kọ́, ohun tí a fi ń yìn wọ́n ni pé wọn kì í daṣẹ́ sílẹ̀.
Ní 2022 tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi ìyanṣẹ́lódì ti ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba pa fún oṣù mẹ́jọ, tiwọn ń lọ ní pẹrẹu.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ ibẹ̀ ńkọ́?
Níbi púpọ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó máa gbèjà rẹ̀ bí owó oṣù bá pẹ́.
Níbòmíràn, wọ́n á tún ní kó lọ wá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá.
Tó bá ráhùn, ẹ̀rù ìwé ìdádúró ń bà á.
Ẹni tí a ní kó múra dáadáa, kó kọ́ọ̀yàn, kó tún ṣèwádìí!

Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀ ń san owó gọbọi, ṣé ẹ ti béèrè rí bóyá wọ́n ń sanwó olùkọ́ ọmọ yín lásìkò?