Ọwọ́ Tí Kò Dúró Gba Àṣẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí a rán mi lọ dán ìkọ́ni wò, mo ní kí ọmọ kan gbé ìgò àtùpà wá. Èmi kò mọ̀ pé ó ṣì gbóná. Bí ó ti fọwọ́ kàn án ni ó jù ú sílẹ̀, ìgò fọ́. Mo nà án.

Lẹ́hìn èyí ni a kọ́ wa pé iṣan ìmọ̀lára a máa gbé ìròhìn iná láti ìka dé okùn inú ọ̀pá-ẹ̀hìn, láti ibẹ̀ gan-an ni àṣẹ ti ńpadà sí apá pé, “Fà sẹ́hìn!” Ọwọ́ a ti kúrò kí ọpọlọ tó mọ ìrora. Ọmọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ jù ú.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo fi gbé pàṣán, ọpọlọ mi ni ó rán an. Mo padà lọ bẹ ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí.