Kílíkẹ̀ afẹ́fẹ́ tí a rà nítorí ọwọ́ Bàbá

Àwa tí à ń kọ èyí, ọmọ ìyá mẹ́ta ni wá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì là ń ṣe ní Pọ̀bẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Kétu. Alùpùpù là ń tún ṣe jù, àmọ́ ọkọ̀ kéékèèké náà máa ń yà lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ bàbá wa la ti kọ́ṣẹ́. Ó ṣì ń bá wa wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló sì fa ọ̀rọ̀ yìí.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti ń dùn ún. Láàárọ̀, kò lè di sípánà mú dáadáa títí oòrùn á fi mú ara. Ẹ mọ iṣẹ́ wa: bóòtù kan lè gba kí èèyàn yí ọwọ́ ní ìgbà ogún kó tó jáde, bóòtù mélòó ló sì wà lára ẹ́ńjìnì kan? Bí a bá ní kó máa sinmi nílé, a mọ̀ pé àìsàn ni yóò fi ṣe. Ni a bá dá àjọ oṣù mẹ́rin, a ní a ó ra irinṣẹ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, torí kọ́ńpírẹ́sọ̀ tí a fi ń fún táyà ti wà nílẹ̀.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ ṣì í nìyẹn. Èyí tó rí bí ìbọn la rà, irú èyí tí àwọn tó ń tú táyà ọkọ̀ ń lò, tí orí rẹ̀ jẹ́ 1/2 ìnṣì. Ẹni tó tà á fún wa ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó lágbára jù ni kí ẹ gbà, ẹ ò ní kábàámọ̀.” Ó wúwo ju kílò méjì lọ. Bàbá gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, “Ṣé òkúta lẹ fẹ́ kí n máa gbé ni?”

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀kan nínú wa (kò ní kí a má sọ pé òun ni, ẹ̀rín ara rẹ̀ ló ń rín báyìí) fi ìbọn náà de ìdérí ẹ́ńjìnì alùpùpù ẹnì kan tó ń ṣe zémidjan. Bóòtù kéékèèké ni wọ́n, àwọn M6 tí orí wọn gba sípánà 8 tàbí 10. Ipá tí irú wọn fẹ́ kò ju nǹkan bí 10 Nm lọ. Ìbọn tó lè tú nọ́ọ̀tì táyà ní ipá tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Kí a tó ṣẹ́jú, eyín inú alumíníọ̀mù ti fà ya, bóòtù ń yí lófìfo. Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó kàn wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojoojúmọ́ ni mò ń san owó fún ẹni tó ni alùpùpù yìí o.” Ọjọ́ méjì la fi lu ihò náà, tí a fi eyín tuntun sí i, owó ọjọ́ méjèèjì la sì san fún un. Bàbá ò bá wa wí. Ìyẹn gan-an ló dùn wá jù.

Lẹ́yìn èyí la wá jókòó, a bi àwọn tó ti lò ó rí. Ohun tí a rí kọ́ ni pé oríṣi méjì ni irinṣẹ́ afẹ́fẹ́ tí èèyàn fi ń tú bóòtù, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó rí bí ìbọn, tí Faransé ń pè ní clé à chocs, òòlù kékeré wà nínú rẹ̀ tó ń lu ọ̀pá orí rẹ̀. Bí ó ti ń lù ú, ìdí irinṣẹ́ náà ló ń gba ìpadàbọ̀ ipá, ọwọ́ ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Ó dára fún nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà. Àmọ́ ó máa ń gbọ̀n gan-an, dókítà tó rí ọwọ́ Bàbá sì ti sọ fún wa pé ohun tó ń gbọ̀n nínú ọwọ́ fún wákàtí púpọ̀ máa ń ba iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ jẹ́. Àṣé oògùn tí a rà fún un, májèlé ni.

Èkejì ni kílíkẹ̀, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ráṣẹ́ẹ̀tì. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè wọ ibi tóóró. Kò ní òòlù nínú. Gbogbo ipá tó bá fi yí bóòtù, ọwọ́ rẹ ló ń gbà á padà. Torí náà wọn ò ṣe é kó lágbára púpọ̀: èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ 1/4 ìnṣì wà fún bóòtù wẹ́wẹ́, 3/8 sì máa ń tó nǹkan bí 40 sí 70 Nm. 3/8 la rà. Ìdajì kílò àti díẹ̀ sí i ni.

Ẹ má rò pé torí pé kò lágbára, kò léwu. Bí bóòtù bá dúró lójijì, tí ìka ṣì wà lórí ohun tí a ń tẹ̀, ọwọ́ irinṣẹ́ náà á fò yí. Ọmọ iṣẹ́ wa kan fi ọwọ́ sáàárín òun àti irin ọkọ̀, egungun ìka rẹ̀ méjì bó. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ohun tí a wá ń ṣe ni pé sípánà ọwọ́ la fi ń kọ́kọ́ já agbára bóòtù. Bó bá ti rọ̀, kílíkẹ̀ á wá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta yí i jáde. Bí a bá ń dè é padà, ọwọ́ la fi ń mú un wọ eyín, kílíkẹ̀ á sáré yí i wọlé, ọwọ́ á sì parí rẹ̀. Búgì ẹ́ńjìnì, a kì í fi afẹ́fẹ́ kàn án rárá.

Nígbà tí kílíkẹ̀ náà kọ́kọ́ dé, kò ṣiṣẹ́. Ó ń yí bí arúgbó tó ń gòkè. A bínú, a gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, a ti múra ìjà. Ó gbà á lọ́wọ́ wa, kò sọ nǹkan kan, ó so ó mọ́ túyò tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ké bí kọ̀kọ̀rọ̀ oyin! Ojú tì wá. Túyò wa ló fà á: 6 mm ni inú rẹ̀, ó gùn tó mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tó fún táyà, torí táyà lè dúró de afẹ́fẹ́. Irinṣẹ́ ò lè dúró. Nǹkan bí 6.3 bar ló ń fẹ́ nígbà tó bá ń yí, ẹnu irinṣẹ́ gan-an lafẹ́fẹ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ dé; èyí tí aago ara ààjà kọ́ńpírẹ́sọ̀ bá ń kà, ọ̀tọ̀ ni. A ra túyò 10 mm, wàhálà tán.

Kí ẹ tó ra tiyín, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára kọ́ńpírẹ́sọ̀ yín. Iye lítà tí wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà ni èyí tó ń fà wọlé. Èyí tó ń tú jáde ní tòótọ́ kéré sí i, ó lè máà ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Tiwa ń fa 200 lítà ní ìṣẹ́jú kan, kílíkẹ̀ wa sì ń jẹ 110, ló fi bá a dé. Ẹni tó bá ra èyí tó ń jẹ 200 yóò máa tú bóòtù méjì, yóò sì máa dúró.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó máa ń lọ. Ààjà wa gba 50 lítà. Bí ó bá wà ní 8 bar tí iná sì lọ, kó tó sọ̀kalẹ̀ sí 6, nǹkan bí 100 lítà afẹ́fẹ́ la ó ti rí lò. Kò tó ìṣẹ́jú kan, àmọ́ bóòtù bí ogún lè jáde nínú rẹ̀, a sì ti parí iṣẹ́ oníbàárà lọ́nà bẹ́ẹ̀ rí. Gúrúùpù kékeré tí a ní kò lè gbé kọ́ńpírẹ́sọ̀ dìde, torí mọ́tò máa ń fẹ́ iná lọ́pọ̀ ìlọ́po nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tó jẹ́ tiwa tí a wà lẹ́nu ààlà ni ọ̀rọ̀ ẹnu túyò. Àlòkù tó wá láti Yúróòpù, tó gba Kútọnu wọlé, ẹnu tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ oríṣi kan. Ohun tó gba Nàìjíríà wá lè jẹ́ òmíràn. Méjèèjì á kọ 1/4 sára, wọ́n á sì jọra lójú. Àmọ́ eyín 19 ni BSP ní nínú ìnṣì kan, NPT ní 18. Bí o bá fi ọ̀kan bọ èkejì, á wọlé ní ìyípo kan tàbí méjì, á sì há. Ìdajì wa ń sọ Faransé, ìdajì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, irinṣẹ́ wa náà rí bẹ́ẹ̀. A ti ba ẹnu méjì jẹ́ kí a tó mọ̀. Ní báyìí oríṣi kan ṣoṣo la fi sí gbogbo túyò wa, bí a bá sì ń lọ ra nǹkan, a máa ń mú ẹnu kan lọ́wọ́ láti fi wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra àlòkù, kó ní kí wọ́n so ó mọ́ afẹ́fẹ́ lójú òun. Kó gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò nígbà tí a ò tẹ̀ ẹ́, kó fi ọwọ́ mi orí rẹ̀ bóyá ó ti ń mì jù, kó yí i sọ́tùn-ún àti sósì. Bó bá kàn lẹ, ó lè jẹ́ epo ló gbẹ nínú rẹ̀. Àwa, lárààárọ̀, epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ẹ̀kán mẹ́rin là ń kán sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Epo ẹ́ńjìnì ki jù, á di gọ́ọ̀mù nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ la ń ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ ààjà kí omi jáde; lásìkò òjò ẹ ó rí i pé omi náà pọ̀, pupa bí ìpẹtà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀kán mélòó kan ni.

Ìbọn ńlá náà ṣì wà. Nọ́ọ̀tì táyà nìkan la fi ń tú, àwa tí ọwọ́ wa ṣì le la sì ń gbé e, pẹ̀lú dúì dúdú tí wọ́n ṣe fún un, torí èyí tó ń dán lè fọ́ sí èèyàn lójú.

Kílíkẹ̀ di ti Bàbá. Ọwọ́ òsì ló fi ń dì í mú, ó sì yára kọ́ ọ ju bí a ti rò lọ. Òun ló ń yí bóòtù jáde. Bí a bá fẹ́ de é, ó máa ń pe àbúrò wa tó kéré jù kó wá fi ọwọ́ parí rẹ̀, á wá gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ lé ọwọ́ ọmọ náà lórí sípánà. “Dúró,” ló máa ń sọ, “ó ti tó.” Láti ìgbà yẹn, eyín alumíníọ̀mù kankan ò tíì ya mọ́ wa lọ́wọ́.