Ìtàn Tí Ó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tí ń sọ ọ́ lè gbàgbé orísun rẹ̀ pátápátá, kí ó sì máa ṣàn lọ. Ìgbàgbé yìí ni ó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí ó bá gbọ́ "tábìlì" tàbí "ṣúgà" lẹ́nu ìyá rẹ̀, a ní aláìní ni èdè Yorùbá. Ó yẹ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ wò kí ó tó dá ẹjọ́.

"Lord" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìjòyè ńlá. Òun náà ni wọ́n fi ń pe Olúwa. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ méjì ni ó di ọ̀kan níbẹ̀, ìtumọ̀ wọn sì ni "olùtọ́jú búrẹ́dì". "Lady" ni "ẹni tí ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì". Láyé ìgbà náà, ẹni tí ó ń bọ́ agbo ilé ni olórí ilé. Ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí.

Lẹ́yìn èyí ni àlejò dé. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹjọ ni àwọn ajagun láti Denmark àti Norway ti ń gba ojú òkun kọlu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ onílẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí "window", tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ojú afẹ́fẹ́". Ọ̀dọ̀ wọn náà ni "egg", ẹyin, ti wá. Àní "they", tí í ṣe "wọ́n", àyálò ni.

Ní ọdún 1066, William, olórí Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun Harold ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìtòsí Hastings. Èdè Faransé sì di èdè ààfin àti ti àwọn ọlọ́lá fún ìgbà pípẹ́. Àmì rẹ̀ ṣì wà nídìí oúnjẹ títí di òní. Nínú pápá, "cow" ni màlúù, "sheep" ni àgùntàn. Orúkọ ìbílẹ̀ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹran wọn bá dé inú àwo, ó di "beef" àti "mutton", láti inú èdè Faransé. Onílẹ̀ ń sin ẹran, ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ ẹ́. Èdè kálukú sì dúró sí ibi iṣẹ́ rẹ̀.

"Sugar" ńkọ́? Inú èdè Sanskrit ti ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà, ti Lárúbáwá àti ti Faransé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí Yorùbá yá, àyálò ni lọ́wọ́ ẹni tí ó yá a lọ́wọ́ rẹ̀. "Al" tí ó wà níwájú "algebra" nínú ìwé ìṣirò, èdè Lárúbáwá ni. Òun kan náà ni ó wà níwájú "àlùbọ́sà", tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ìsọ̀ aláta.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi àyálò bú èdè ìyá rẹ̀ mọ́. Èdè tí ó ń bá ayé ṣòwò ni í yá ọ̀rọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó máa kọ ọ́ lóminú ni pé kí ó ní ọ̀rọ̀ nílé, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì lọ máa tọrọ òmíràn lóde.