Ta ni "a"?

Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè nínú DM pé kí ló dé tí mi ò gbé fídíò jáde láti bí oṣù méjì. Ìdánwò ni o. COREN ni mò ń múra fún. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ohun tí ìmúrasílẹ̀ yìí ń kọ́ mi kì í ṣe ti ẹnjinníà nìkan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀: kéèyàn gba digírì ẹnjinníà ò tíì sọ ọ́ di ẹnjinníà lójú òfin Nàìjíríà. Láti 1970 ni òfin ti gbé COREN kalẹ̀, àwọn ló ń forúkọ wa sílẹ̀. Bí orúkọ rẹ ò bá sí lọ́wọ́ wọn, o ò gbọdọ̀ fi "Engr." síwájú orúkọ rẹ. Wàá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn digírì. Ọ̀pọ̀ wa ló sì ń gba ọ̀dọ̀ NSE kọjá, ẹgbẹ́ ẹnjinníà tó ti wà láti 1958. Wàá kọ ìròyìn iṣẹ́ tó o ti ṣe, wàá ṣe ìdánwò alákọsílẹ̀, wàá tún jókòó síwájú àwọn àgbà ẹnjinníà, wọ́n á máa da ìbéèrè bò ọ́.

Ẹ máa rò pé ìṣirò ló le jù. Rárá o. Thermodynamics tó bá ti fò lórí mi, mo lè kà á padà nínú danfo nígbà tí gosíló bá mú wa. Ìròyìn iṣẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà.

Aunty kan tó ti gba COREN tiẹ̀ kìlọ̀ fún mi kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Wọ́n ní, "Gbólóhùn tó o bá fi 'a' bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa bi ọ́ pé ta ni 'a'. Ohun tí ọwọ́ tìẹ ṣe ni wọ́n fẹ́ mọ̀."

Ó dà bí ohun kékeré, àbí? Ẹ dán an wò ná. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í ní "èmi ni mo ṣe é". Yóò ní Ọlọ́run ló ṣe é, àwọn ọ̀gá ló ràn wá lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí o bá pe "mo" ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á ní ìgbéraga ń bá ọ jà.

Mechanical ni mo kà. Ilé iṣẹ́ kan níbí ní Ọgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Alẹ́ ni mò ń ṣe fídíò tí ẹ ń wò. Nígbà kan, compressor wa kì í sinmi rárá, owó diesel sì ń pa ilé iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jò nínú páìpù kì í rùn, kì í da nǹkan dọ̀tí, kò sẹ́ni tó ń rí i, àmọ́ owó ni. Lọ́jọ́ Sunday kan tí ẹ̀rọ yòókù dákẹ́, mo po omi ọṣẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo ń fi kan oríkèé páìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá hó, mo so àkísà pupa mọ́ ọn. Ibi 27 ni.

Nígbà tí wọ́n ròyìn ẹ̀ ní mítìn, ọ̀gá wa ní, "My boys ló ṣe é." Boys! Èmi nìkan ni obìnrin tó wà níbẹ̀.

Joanna Maduka ni obìnrin àkọ́kọ́ tí COREN forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ló ṣíwájú nígbà tí wọ́n dá APWEN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjinníà, sílẹ̀ ní 1983. Síbẹ̀, NSE tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, 2024 ni obìnrin àkọ́kọ́, Margaret Oguntala, tó di ààrẹ ẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ọdún 66. "A" lè gbé obìnrin mì fún ìgbà pípẹ́ o.

Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ báyìí: "Mo yẹ gbogbo páìpù wò. Mo sàmì sí ibi 27. Bàbá tó ń ṣọ́ bọ́ílà ló gun àkàbà dé ibi tó ga. Fítà méjì ló pààrọ̀ àwọn oríkèé tó ti bàjẹ́." Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan? Nígbà tí mo kọ "mo", Bàbá náà fara hàn. "A" tó gbé èmi mì, ó ti gbé àwọn náà mì.

"Mo" tún lójú kejì, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ní November 1, 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Èèyàn tó lé ní 40 ló kú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni lẹ́tà kan jáde síta: ilé iṣẹ́ ẹnjinníà kan tó wà nídìí iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ti kọ̀wé ní oṣù kejì ọdún 2020 pé àwọn yọwọ́, pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ilé náà mọ́. Mo ka lẹ́tà yẹn títí. Ohun tí COREN fẹ́ fi lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Kì í ṣe "Engr." tí màá fi yangàn níbi ìgbéyàwó. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá màá lè kọ "mo" nígbà tó bá dáa, kí n sì kọ "mi ò fọwọ́ sí i" nígbà tí owó bá ń pariwo.

Nítorí náà, bóyá ẹnjinníà ni yín o, nọ́ọ̀sì ni yín o, télọ̀ ni yín o, ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí. Ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ pinnu, ẹni tó ràn yín lọ́wọ́, àti ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ẹ má dúró di ọdún kẹrin. Orí máa ń gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé.

Ẹ fàdúrà sin mí lọ o. Kí ẹ tó kọjá, ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀: iṣẹ́ wo lẹ ṣe lọ́dún yìí tí ẹ ṣì ń pè ní "a"?